Ìgòkè àti Ìsọ̀kalẹ̀ Emma Raducanu

Àwọn àgbà a máa wí pé ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í sì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ọ̀rọ̀ yìí bá iṣẹ́ àwọn tí ń fi eré tẹ́nìsì jẹun mu púpọ̀. Ẹni tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún lónìí lè di ẹni tí a kò mẹ́nu bà mọ́ bí ọdún bá yípo. Ìtàn Emma Raducanu, ọmọbìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, fi èyí hàn gbangba.

Ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà ni a bí Emma sí ní ọdún 2002. Ará Ròmáníà ni bàbá rẹ̀, ará Ṣáínà sì ni ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún márùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ tẹ́nìsì, ṣùgbọ́n kò torí eré pa ìwé rẹ̀ tì. Ní ọdún 2021 ó ṣe ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì yege dáradára nínú ìṣirò àti ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé.

Ní ọdún yìí kan náà ni wọ́n gbà á wọlé sí ìdíje Wimbledon. Ipò 338 ni ó wà láàárín àwọn obìnrin eléré tẹ́nìsì àgbáyé, nítorí náà oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe fún un. Ó borí ẹni mẹ́ta lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n ní ìpele kẹrin kò lè mí dáradára mọ́, ó sì fi pápá sílẹ̀ kí eré tó parí. Àwọn kan wí pé ẹrù náà wúwo ju orí rẹ̀ lọ.

Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn èyí tí ó fi lọ sí New York fún ìdíje ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú ìdíje mẹ́rin tí ó ga jù lọ nínú eré náà. Ipò 150 ni ó wà nígbà náà, kò sì lè wọlé tààrà. Ó ní láti kọ́kọ́ borí ẹni mẹ́ta nínú ìdíje ìṣáájú. Òun pàápàá kò retí ohun púpọ̀, nítorí ó ti ṣètò ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbé e padà sílé bí ìdíje ìṣáájú náà bá ti parí. Ṣùgbọ́n eré mẹ́wàá ni ó gbá, ó borí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹnikẹ́ni kò sì gba sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, ó borí Leylah Fernandez ti ilẹ̀ Kánádà pẹ̀lú 6-4 àti 6-3. Nígbà tí eré náà kù díẹ̀ kí ó parí, orúnkún rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Wọ́n dì í fún un, ó padà sórí pápá, ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, kò sí ọkùnrin tàbí obìnrin tí ó ti inú ìdíje ìṣáájú dé ibi ife-ẹ̀yẹ irú ìdíje bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, máàkì tí eléré gbà kì í jẹ́ tirẹ̀ títí láé. Bí ọdún bá yípo, a ó yọ ti àtijọ́ kúrò, èyí tí ó bá tún rí gbà ni a ó fi rọ́pò rẹ̀. Bí iṣẹ́ oko ni ó rí: ebè èṣí kò lè mú iṣu ọdún yìí wá bí àgbẹ̀ kò bá tún gbé ọkọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2022 Emma gòkè dé ipò 10. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó padà sí New York, Alizé Cornet ti ilẹ̀ Faransé sì borí rẹ̀ ní ìpele kìíní. Bí máàkì ọdún tí ó kọjá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já wálẹ̀ sí ipò 83. Ní ọdún 2023 ni àwọn oníṣègùn ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọwọ́ méjèèjì àti ní ọrùn ẹsẹ̀ kan. Ìdíje ńlá mẹ́ta kọjá tí kò lè bá wọn dé ibẹ̀, ó sì rẹ̀yìn kọjá ipò 200.

Kò tìtorí èyí ká ọwọ́ gbera. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, ní ìlú Eastbourne, ó borí Jessica Pegula ti Amẹ́ríkà tí ó wà ní ipò karùn-ún. Títí di ọjọ́ náà, kò tíì borí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ rí, àní ní ọdún tí ó gba ife-ẹ̀yẹ pàápàá. Ní Wimbledon ọdún náà, ó tún dé ìpele kẹrin tí èémí rẹ̀ ti kọ́kọ́ dá a dúró.

Àwọn tí ó pè é ní aláìlágbára ní oṣù Keje ọdún 2021 ṣìnà. Àwọn tí ó rò ní oṣù Kẹsàn-án pé kò ní í ṣubú mọ́ pẹ̀lú ṣìnà. Ipò ń sọ ohun tí ènìyàn ṣe láàárín ọdún kan. Kò sọ irú ẹni tí ó jẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ipò kìíní ní táàmù yìí rántí èyí, kí ẹni tí ó gbẹ́yìn náà sì rántí rẹ̀. Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó mú kí Emma já wálẹ̀ sí ipò 83?
2. Kí ni a fi iṣẹ́ tẹ́nìsì wé nínú àyọkà yìí, kí sì ni ìdí rẹ̀?
3. Kọ àròkọ lórí òwe tí ó parí àyọkà yìí.