Májèlé Nínú Àpò Ẹ̀wà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dé Ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́, tí ó sì yà sí ibi tí a gbé ń ta oúnjẹ gbígbẹ, yóò rí i bí oníbàárà ti ń ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀wà, tí ó ń bù ú sókè, tí ó sì ń tú u wò. Bí ó bá rí ihò róbótó lára hóró méjì tàbí mẹ́ta, á dà á padà, á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tí ń tà á mọ èyí dájúdájú. Láti Òkè-Ọya ni ẹ̀wà rẹ̀ ti wá, ó sì lè wà nínú ìsọ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó tán. Kòkòrò kò sì ní dúró dè é. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń wá ìgò oògùn kòkòrò, tí wọ́n sì ń wọ́n ọn sí oúnjẹ tí ènìyàn yóò jẹ.

Oògùn tí a wí yìí ni dichlorvos, èyí tí àwọn ará ọjà mọ̀ sí Sniper tàbí ọ̀tapíapíà. A ṣe é fún pípa kòkòrò. A kò ṣe é fún wíwọ́n sí oúnjẹ rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn oògùn oko tí oró wọn pọ̀ gidigidi. Ìdílé tí ó ti jáde kò dára. Ní ọdún 1936, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Gerhard Schrader ń wá ohun tí yóò pa kòkòrò tí ń ba irè oko jẹ́. Ohun tí ó bá pàdé ni tabun, oró tí àwọn ológun gbà fún ogun jíjà. Dichlorvos kò le tó tabun, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà pa ohun alààyè.

Ọ̀nà náà nìyí. Nígbàtí iṣan bá ti jẹ́ iṣẹ́ tí ọpọlọ rán an, ohun kan wà nínú ara tí ń pa iṣẹ́ náà rẹ́, kí iṣan lè sinmi. Ohun yìí ni oògùn náà ń dè mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ kò wá lópin mọ́: itọ́ á máa dà, òógùn á máa bo ara, ẹyin ojú á súnkì di bí orí abẹ́rẹ́, ẹran ara á máa gbọ̀n, omi á kún inú àyà, èémí á sì dúró. Bí ó ti ń pa kòkòrò nìyí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń pa ọmọ ènìyàn. Kì í ṣe ẹnu nìkan ni ó sì ń gbà wọlé. Ó ń gba awọ ara àti èémí pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ lásán pò ó nínú ìsọ̀ tí a tì pa ni ó kọ́kọ́ ń fi ara gbá a, ṣáájú oníbàárà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ ilẹ̀ Nàìjíríà dúró nítorí dichlorvos yìí, wọ́n sì sún ìfòfindè náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè kò ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú kìlógíráàmù kan, èyíinì ni gíráàmù kan péré nínú 1,000 àpò, bí àpò kọ̀ọ̀kan bá wọn 100 kìlógíráàmù. Wọ́n bá èyí tí ó tó 4.6 mílígíráàmù, ìlọ́po 460. Èyí dùn wá púpọ̀, kì í ṣe nítorí owó tí ó sọnù nìkan, ṣùgbọ́n nítorípé irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ náà ni à ń fi ṣe àkàrà fún àwọn ọmọ wa nílé.

Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré dichlorvos, èyí tí ó jẹ́ 100 mílílítà tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ìgò lítà kan nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda, lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta oògùn oko. Òfin tí ó dára ni, ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀lé ìgò dé ilé. Ẹni tí ó ra lítà kan lè bù ú sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún aládùúgbò rẹ̀, ọmọdé kò sì mọ ìyàtọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2013, ní ìpínlẹ̀ Bihar ní ilẹ̀ Íńdíà, ọmọ ilé-ìwé 23 kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Oògùn oko tí ń jẹ́ monocrotophos ti wọ inú òróró tí a fi se oúnjẹ náà. Ẹ má ṣe lo ike oògùn oko fún omi tàbí epo láéláé, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Ẹ dá a lu, kí ó má baà wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Bí oògùn náà bá mú ẹnìkan, ẹ gbé e jáde sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń wẹ̀ ẹ́ dáàbò bo ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn àgbà wa a máa fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní epo pupa mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Epo kì í ṣe aporó, ó sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má ṣe mú un bì pẹ̀lú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání, kí dókítà lè mọ èyí tí ó jẹ́. Oògùn tí ń jẹ́ atropine wà tí wọ́n lè fi ràn án lọ́wọ́.

Báwo ni a ó ti wá ṣe tọ́jú ẹ̀wà? Kíyèsí i pé láti oko ni kòkòrò ti ń bá a wá. Abo a yé ẹyin sára pódi kí a tó kórè, ọmọ rẹ̀ a sì lu hóró wọ inú lọ. Nítorí náà gbígbọ̀n àti fífẹ́ nìkan kò tó. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù ní ìparí àwọn ọdún 1980, ṣe àpò onípele mẹ́ta tí a ń pè ní PICS: ọ̀rá nínípọn méjì ní inú, àpò híhun ní òde. Kòkòrò inú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tí ó wà níbẹ̀ tán. Láìsí afẹ́fẹ́, kò lè ṣe omi nínú ara rẹ̀ láti inú oúnjẹ tí ó jẹ. Òùngbẹ ni ó sì ń pa á nígbẹ̀yìn. Kò sí ìkán oògùn kan nínú iṣẹ́ náà.

Kí ẹ̀wà kọ́kọ́ gbẹ dáadáa: bí a bá fi eyín gé e, kí ó fọ́, kí ó má ṣe tẹ̀. Kí a rọ ọ́ kún ọ̀rá àkọ́kọ́, kí a tẹ afẹ́fẹ́ jáde, kí a lọ́ ẹnu rẹ̀, kí a sì dì í le. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ sí èkejì, àti sí àpò òde. Ẹni tí kò bá rí àpò yìí lè lo kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí líle, tí oògùn oko kò wọ inú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kí ó kún dé ẹnu, kí àyè má ṣe ṣẹ́kù fún afẹ́fẹ́. Kí a tó dì í, kí a wo ọ̀rá náà lójú oòrùn bóyá eku ti lu ú, nítorípé ihò kékeré kan tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ má ṣe ṣí i fún oṣù méjì ó kéré tán. Bí a bá sì ṣí i láti bù díẹ̀, kí a tún tẹ afẹ́fẹ́ jáde kí a tó dì í padà.