Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: BÍ ÀÌSÀN ỌPỌLỌ BÁ TÚN PADÀ, KÍ NI KÍ A ṢE?

Àwọn àgbà wa sọ pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tí àìsàn yìí bá wọ ilé rẹ̀ rí ló mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń sọ: pé wèrè tó bá ti wọ ọjà, kò gbóògùn mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òótọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti rìn káàkiri ìta ló gba ìtọ́jú, tí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Ká sọ pé ọmọkùnrin kan gba ìtọ́jú, ara rẹ̀ yá, ó padà sí oko iṣu bàbá rẹ̀ ní Osi. Inú gbogbo agbo ilé dùn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ní, “Ara mi ti le. Kí ni mo tún ń lo oògùn sí?” Ó dá a dúró. Kò pẹ́, oorun dá lójú rẹ̀. Ó ń dá sọ̀rọ̀, kò fẹ́ jẹun mọ́. Àwọn ará ilé wá ní, “A ti náwó lásán. Ẹ mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wá.”

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Owó yẹn kò ṣòfò. Bí ẹsẹ̀ tí teguntegun ti tò bá tún yẹ̀, ṣé a máa ń gé e sọnù ni? Rárá, a óò tún pe teguntegun ni. Bákan náà ni àìsàn ọpọlọ. Ẹlòmíràn á sàn pátápátá. Ẹlòmíràn á máa gòkè, á máa sọ̀kalẹ̀, bí ọ̀nà tó gba orí òkè kọjá.

Dídá oògùn dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun pàtàkì tó ń dá àìsàn yìí padà. Igbó mímu, àìsùn, ọ̀fọ̀ àti ìjà inú ilé náà lè dá a padà. Nígbà mìíràn, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Bí oògùn bá ń mú kí ènìyàn máa tòògbé, tàbí kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, ẹ sọ fún dókítà. Ó lè dín in kù, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ní 1954, ní Aro lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Kò ti àwọn aláìsàn wọ̀nyí mọ́lé. Ilé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé. Ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan mìíràn ní láti bá aláìsàn wá, láti máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Wọ́n tún ń bá ará abúlé ṣe iṣẹ́ oko. Bí ara bá tún fẹ́ dà rú, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà nítòsí láti tètè rí i.

Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Osi, ní Iloffa àti ní abúlé wa gbogbo. Bí oorun bá dá lójú rẹ̀ fún alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má dúró dìgbà tí yóò sá jáde. Ẹ tètè mú un padà síbi tó ti gba ìtọ́jú. Àwọn dókítà ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin. Bí ara rẹ̀ bá sì ti fúyẹ́, ẹ fún un níṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má pè é ní wèrè. Orúkọ tí ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ ni kí ẹ máa pè é.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ló mú kí àìsàn ọmọkùnrin inú ẹ̀kọ́ yìí padà?
2. Ta ló ní láti bá aláìsàn wá sí Aro?
3. Ní agbo ilé tiyín, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ bí oorun bá dá lójú ẹnì kan?