Ikùn Tó Bá Le Bí Pákó, Ẹ Má Fún Un Ní Àgbo

Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe gbogbo inú rírun ni jẹ̀díjẹ̀dí tàbí aràn. Èyí tó ń pani wà nínú wọn, ó sì ní àmì tirẹ̀.

Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dán ló tẹ́ inú ikùn wa, òun náà ló tún wé ìfun, àpòlùkù àti ẹ̀dọ̀. Omi díẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí wọ́n ha mọ́ra wọn. Kòkòrò kì í gbé ibẹ̀. Inú ìfun ni kòkòrò àti ìgbẹ́ ń gbé. Ìjàngbọ̀n dé lọ́jọ́ tí ìfun bá lu, tí wọ́n sì jò wọ inú ikùn.

Ibà táífọ́ọ̀dì tí a kò tọ́jú dáadáa lè lu ìparí ìfun kékeré, pàápàá bó bá ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹta. Àpẹ́ńdíìsì náà ń bẹ́: ìrora rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nítòsí ìdodo, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sápá ọ̀tún. Bó bá bẹ́, ara lè kọ́kọ́ tu aláìsàn díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kíyẹn tàn yín, ọyún ti ń ràn ká inú nìyẹn.

Ẹ wo bí ọmọ tí inú ń run ṣe dùbúlẹ̀. Ẹni tí inú kàn ń lọ́ á máa yí kiri lórí ẹní. Ẹni tí ìfun tàbí àpẹ́ńdíìsì rẹ̀ ti lu kò ní fẹ́ mira rárá. Á ká orúnkún sókè, á máa mí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Bó bá wúkọ́, tàbí tí ọkọ̀ tó gbé e kó sí kòtò, á figbe ta. Ikùn á wú, á le, ọmọ náà lè má yàgbẹ́, ó sì lè má só.

Ẹ má fún un ní àgbo tàbí oògùn ìyàgbẹ́. Ẹ má fa omi sí i nídìí, ẹ má fi àdí ra ikùn rẹ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lóru ọjọ́ náà. Ilé ìwòsàn tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe kẹ́mísìtì. Ẹ sọ ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀ fún dókítà, ẹ sì ka gbogbo ohun tó ti mu fún un, títí kan àgbo. Ẹ má tijú.

Oògùn nìkan kò lè dí ìfun tó ti lu. Wọ́n á rán an, wọ́n á sì fọ inú ikùn. Bó bá ṣe yá tó ni ìrètí ṣe pọ̀ tó. Ọmọ tí ibà ti ń ṣe lọ́sẹ̀ méjì, tí inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í run gidi, ẹ má dúró de ìdájí.