Ta Ló Ni Gọ́tà Ẹnu Ọ̀nà Mi?

Ẹ̀gbọ́n, mo ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ níwájú ilé wa, kọjá afárá níbí. Gọ́tà wa ti dí láti ìjelòó. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, àyà mi á máa já, torí mo mọ̀ pé omi ń bọ̀ wá bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù. CDA wa, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, kọ lẹ́tà sí káńsù kan, wọ́n ní àwọn kọ́ ló ni wá, ká lọ sí káńsù kejì. A dé ọ̀hún, wọ́n ní inú kánàálì ni omi gọ́tà náà ń lọ, ìpínlẹ̀ ló sì ni kánàálì, ká gba Aláùsá, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣìnà ní tiwọn. Ti káńsù kìíní ń wá, ti èkejì náà ń wá. Ta ló ni gọ́tà yìí gan-an? Ta sì ni kí n máa sanwó fún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ àdúgbò wa.
Èmi, Ìyá Aláṣọ

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú àfaradà. A ò ní dárúkọ àdúgbò yín, kò tiẹ̀ sí ìdí tí a fi máa dárúkọ rẹ̀, nítorí bó ṣe rí ní tiyín náà ló rí láti Lawanson dé Ìdí-Orò, láti Sábó dé ọjà Ojúwoyè. Ọdún 29 ni mo fi jókòó sẹ́yìn tábìlì káńsù kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, "ibí kọ́, ẹ lọ sí ọ̀hún." Èmi náà ti fi rán ènìyàn nírìn àjò lásán rí. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Kí n dáhùn ná kí n tó rojọ́. Káńsù ló ni gọ́tà ẹnu ọ̀nà yín. Ìpínlẹ̀ ló ni kánàálì. Ti pé omi ọ̀kan ń ṣàn lọ bá èkejì kò sọ wọ́n di ti ẹnì kan náà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀sà ni ìbá ni gbogbo gọ́tà Èkó, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ níkẹyìn.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀, ní ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí wọ́n ń pè ní Àfikún Kẹrin. Ibẹ̀ ni wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí: títì àdúgbò, iná ojú títì, gọ́tà, ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìsìnkú, ilé ìyàgbẹ́ gbogboogbò, kíkó ìdọ̀tí, sísọ òpópónà lórúkọ, kíkọ nọ́ńbà sára ilé, títí dé orí ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àti ọmọlanke. Ẹni tó kọ ọ́ gbìyànjú. Ẹni tó bá rí ọmọlanke tó ní ìwé àṣẹ ní Múṣin, kó kọ̀wé sí mi.

Káńsù wo wá ni? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹ mú káàdì ìdìbò yín jáde, ẹ wò ó. Ará Coker àti ará Àgùdà, Súrùlérè ni yóò rí níbẹ̀. Ará Ìtirè àti ará Ìkátẹ̀, Súrùlérè náà ni. Ará Yábà á rí Lagos Mainland, ará Odi-Olówó á rí Múṣin. Ìdí ni pé INEC tó ṣe káàdì náà kò mọ̀ ju ìjọba ìbílẹ̀ 20 lọ ní Èkó, nítorí 20 péré ni ìwé òfin dárúkọ. LASIEC tó ń ṣètò ìdìbò káńsù, 57 ni tirẹ̀. INEC pín Èkó sí wọ́ọ̀dù 245, LASIEC pín in sí 376. Ènìyàn kan náà nínú ilé kan náà, ó ń gbé nínú àwòrán ilẹ̀ méjì. Ẹni tó bá tẹ̀lé káàdì ìdìbò rẹ̀ lọ sí sẹkitéríàtì, ó ṣeé ṣe kó ṣìnà. Mo fura pé ohun tó ṣe CDA yín nìyẹn.

Ibi tí àwòrán ilẹ̀ méjì yìí ti wá, ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n, torí òun náà ló ń da ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì rú. Nínú ìkànìyàn 2006, ènìyàn 633,009 ni wọ́n kà ní Múṣin, 503,975 ní Súrùlérè, 317,720 ní Lagos Mainland. Alága kan ṣoṣo ni òfin fún Múṣin. Kánò, tí iye ènìyàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Èkó lọ nínú ìkànìyàn yẹn, ìjọba ìbílẹ̀ 44 ló ní. Jigawa tí wọ́n yọ lára rẹ̀ ní 1991 sì ní 27 tirẹ̀. Ìjọba Bọ́lá Tinúbú, tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, wò ó pé ìyà yìí pọ̀, wọ́n ṣòfin ní 2002, wọ́n pín 20 sí 57. Wọ́n dìbò sí i ní oṣù Kẹta 2004. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní kí wọ́n má fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó lówó mọ́. Èkó gbé e lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ.

Ìdájọ́ dé ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2004, ó sì ní ojú méjì. Ó ní Ààrẹ kò láṣẹ láti di owó wọn mú. Ó tún ní Èkó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣòfin tó dá káńsù tuntun sílẹ̀, àmọ́ òfin náà kò tíì pé títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àbújá yóò fi ṣe ipa tiwọn. Àwọn tó ń bínú sí Ọbásanjọ́ gbé ojú kìíní rìn, àwọn tó ń bínú sí Tinúbú gbé èkejì, ìwọ̀nba èèyàn ló ka ìdájọ́ náà tán. Owó ọ̀hún kò jáde títí Ààrẹ Yar'Adua fi gorí oyè ní 2007. Àbújá kò sì tíì ṣe ipa tiwọn títí di òní. Èkó wá fún 37 tuntun náà ní orúkọ mìíràn, LCDA, ìyẹn agbègbè ìdàgbàsókè ìjọba ìbílẹ̀. Bí ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ nílé, tí wọ́n ń ké sí, tó ń jẹ́, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé baálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Yábà, Coker-Àgùdà, Ìtirè-Ìkátẹ̀ àti Odi-Olówó/Ojúwoyè ṣe wà.

(Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Wàhálà ààlà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, ìjọba àpapọ̀ ló ni Súrùlérè, abẹ́ Ìbàdàn ni Múṣin wà, nínú ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó bá ń rìn bọ̀ láti Súrùlérè gba ìhà Ìdí-Orò, ìgbésẹ̀ díẹ̀ ló máa fi bọ́ lọ́wọ́ ìjọba kan sọ́wọ́ ìjọba mìíràn. Gọ́tà tó wà lójú ààlà kò fìgbà kan ní bàbá.)

Owó ni ìdí tí káńsù kan fi máa ń ti ènìyàn sí òmíràn lára. Nínú owó àpò ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pín lóṣooṣù, ìdá 20.60 nínú 100 ni ti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà. Ti Èkó ń wá lórúkọ 20, òun náà ni wọ́n fi ń bọ́ 57. Nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ wá dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kó má gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́, gbogbo ènìyàn yọ̀. Èmi náà yọ̀. Àmọ́ ìbéèrè tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé: tààrà sọ́wọ́ ta? Orúkọ 20 ni Àbújá mọ̀. Ọmọ 37 ṣì ń wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n.

Ìyẹn kò kan gọ́tà yín o. Ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ nílé wọn nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lójú òpópónà kọ̀ọ̀kan, káńsù kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà ló lè gba owó ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀.

Ó kan tíkẹ́ẹ̀tì wàyí. Ẹ kò gbọdọ̀ san owó ṣọ́ọ̀bù kan náà fún káńsù méjì. Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní 1998, tó to owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ lè gbà sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ wà lábẹ́ ìbílẹ̀, ó wà níbẹ̀ kedere. Òfin náà ní ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ tó bá gbowó, owó ìtanràn 50,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ń dúró dè é, tàbí méjèèjì pọ̀. Ó sì ka dídí ojú ọ̀nà láti gbowó léèwọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ojúẹlẹ́gbà kọjá láàárọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Òfin ni mo ń sọ, n kò sọ ohun tí ojú ń rí.

Ẹni tó bá mú tíkẹ́ẹ̀tì wá, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè owó hàn yín, èyí tó ní orúkọ káńsù, orúkọ owó náà, ọdún tó wà fún, àti nọ́ńbà àkáǹtì káńsù ní báńkì. Báńkì ni kí ẹ san án sí. Ẹ má kówó lé ọmọdékùnrin lọ́wọ́ lórí ìdúró, kódà bó bá wọ apron tó ní àwòrán ìjọba. Pátákó orúkọ ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Lóòótọ́ ó wà nínú owó ìbílẹ̀ nínú ìwé 1998, àmọ́ LASAA ti ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó pátákó ní Èkó báyìí. Bí káńsù náà bá tún wá bèèrè, ẹ fi rìsíìtì LASAA hàn wọ́n, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ èsì wọn sílẹ̀. Owó ilé tí wọ́n ń gbà láyé àtijọ́ ti wọ inú Land Use Charge láti 2001, ẹ má san án lọ́tọ̀ mọ́. Owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tí gbogbo ènìyàn rò pé jìbìtì ni, òfin mọ̀ ọ́n. Ó dun èmi náà.

Bí ẹ ṣe máa mọ káńsù yín láìṣìnà: ẹ wo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi forúkọ CDA yín sílẹ̀. Orúkọ káńsù tó ni yín wà lórí rẹ̀. Bí alága CDA bá ní òun kò rí ìwé náà mọ́, ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà olójú ìwé kan, kó má gùn jù bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ òpópónà, nọ́ńbà ilé tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí dé nọ́ńbà ilé tó parí sí, kí ẹ sì lẹ fọ́tò méjì mọ́ ọn, ti ọjọ́ òjò àti ti ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Alága káńsù ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, sí ẹ̀ka tó ń ṣe títì àti gọ́tà, àti sí àwọn wolé-wolé. Ẹ dúró níbẹ̀ títí wọn yóò fi lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Èmi tí mo ti jókòó síbẹ̀ ni mo ń sọ fún yín: lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, a máa ń sọ pé a kò rí i. Nígbà mìíràn òótọ́ ni pé a kò rí i.

Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá láìsí èsì, ẹ kọ òmíràn, ẹ dárúkọ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 nínú rẹ̀, kí ẹ bèèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà ní wọ́ọ̀dù yín lọ́dún yìí àti ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti dáhùn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin náà kò kan àwọn. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti parí ẹjọ́ yẹn ní oṣù Kẹrin 2025, ó ní ó kàn wọ́n. Èyí kò ní kó gọ́tà, àmọ́ ó máa ń jí ènìyàn lójú oorun.

Ìyá Aláṣọ, ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Kí ló wà nínú gọ́tà náà? Mo ti rí gọ́tà tí wọ́n kó nítòsí Tẹ́júoṣó: ọ̀rá, ike omi, àti àjákù aṣọ, òbítíbitì àjákù aṣọ. Láti ìgbà tí Èkó ti dá ìmọ́tótó Sátidé ìparí oṣù dúró ní oṣù Kọkànlá 2016, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ ní ìjọba kò lè há ènìyàn mọ́lé nítorí ìgbálẹ̀, ọ̀pọ̀ àdúgbò kò gbé ṣọ́bìrì mọ́. Àwọn tó sì ń gbé e, etí gọ́tà ni wọ́n ń kó ẹrẹ̀ náà sí. Òjò kan péré, ó ti padà sílé. Bí CDA yín bá máa kó gọ́tà, ẹ ti bá ọkọ̀ tó máa gbé ẹrẹ̀ lọ sọ̀rọ̀ kí ṣọ́bìrì àkọ́kọ́ tó wọlẹ̀.

Ó kan káńsẹ́lọ̀ yín wàyí. Nínú ìdìbò káńsù ọjọ́ 12 oṣù Keje 2025, ẹgbẹ́ òṣèlú APC gba gbogbo alága 57, ó sì gba káńsẹ́lọ̀ 375 nínú 376. Ẹyọ kan tó kù, PDP ló mú un, ní Yábà. Ẹgbẹ́ tó wù kó jẹ́, káńsẹ́lọ̀ kan wà tí òpópónà yín wà lábẹ́ rẹ̀, agbègbè tó ń ṣojú fún kò sì tóbi tó ti ẹnikẹ́ni tí ẹ dìbò fún nínú ìjọba yòókù. Ọdún 4 ni wọ́n fún un. Oṣù Keje 2029 ni yóò pé. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà olóǹtẹ̀ yẹn dání, ẹ lọ bá a.