Àbùlà: Ọ̀rọ̀ fún Ọtí tí a Pòpọ̀

Ògidì ni ọtí tí a kò fi omi kàn. Àbùlà ni èyí tí a bu omi tàbí nǹkan mìíràn là. Lẹ́nu ẹni tí ń ra ẹmu, ẹ̀gàn ni àbùlà. Ṣùgbọ́n bí a bá bu gbẹ̀gìrì àti ewédú pọ̀ sórí àmàlà, àbùlà kì í ṣe ẹ̀gàn mọ́. Ìlò kejì yìí ni ó bá martini ti àwọn ará Amẹ́ríkà mu.

Bí a bá fẹ́ po martini nílé, a ó da mílílítà 60 jíìnì àti mílílítà 10 fámúùtì, èyí tí í ṣe wáìnì tí a rẹ ewé àti egbò sí, sórí yìnyín. A ó fi ṣíbí gígùn pò ó, a ó sì sẹ́ ẹ sínú ife tútù. Bí yìnyín ti ń mú ọtí tutù, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yọ́. Bí jíìnì bá ní ìdá 40 álíkọ́hólù nínú 100, tí fámúùtì sì ní 18, nǹkan bí ìdá 37 ni àpòpọ̀ náà yóò ní kí ó tó kan yìnyín. Bí mílílítà 20 omi bá yọ́ sínú rẹ̀, yóò di nǹkan bí 29. Omi yìí wà lára ìlànà. Kì í ṣe èrú.

Nítorí náà, ó yẹ kí atúmọ̀ èdè kọ ‘ọtí àbùlà’ fún irú ọtí yìí, ‘ìbùlà’ fún wíwọlé omi, kí ó sì fi ‘ayédèrú ọtí’ sílẹ̀ fún iṣẹ́ oníjìbìtì.