Fún Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Fi Òdòdó Jẹun

Mo gbọ́ pé o ti tẹ káàdì, o ti kọ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ sí i, àwòrán òdòdó sì ti kún ojú Instagram rẹ. Ó dára, ọmọ mi. Iṣẹ́ yìí níyì, ó sì lè bọ́ ènìyàn. Àmọ́ aṣọ tí aránṣọ rán lónìí á ṣì wà bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òdòdó tí o gé lónìí ti ń kú lọ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ, ibẹ̀ ló ti wá.

1. Kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kí o tó dá dúró. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Fídíò lè kọ́ ọ bí a ṣe ń to róòsì. Kò lè kọ́ ọ ohun tí à ń ṣe nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé òdòdó rẹ kò tíì balẹ̀, tí ìyàwó sì ń retí rẹ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Gbálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ, fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, já ẹ̀gún. Ibẹ̀ ni ojú ti ń là.

2. Mọ iṣẹ́ omi kí o tó mọ iṣẹ́ ọ̀ṣọ́. Ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Fi ọṣẹ fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kí o tó bu omi sí i, nítorí inú ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ike ni kòkòrò àìfojúrí ń gbé, àwọn ló sì ń dí ọ̀nà omi nínú igi òdòdó. Já gbogbo ewé tó bá máa wọ inú omi dànù. Bí wọ́n bá jẹrà níbẹ̀, omi ti bàjẹ́ nìyẹn. Fi ọ̀bẹ tó mú gé ìdí igi náà ní ìdagẹrẹ, bíi sẹ̀ǹtímítà 2, kí o sì kì í bọ omi lójú ẹsẹ̀.

Wàá rí róòsì tí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀, tí orí ń wo ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbé irú rẹ̀ jù sí ààtàn. Má jù ú nù. Omi ni kò ráyè gòkè mọ́. Tún ìdí rẹ̀ gé lábẹ́ omi, fi ìwé ìròyìn wé e kí orí rẹ̀ lè dúró ṣánṣán, rì í sínú omi títí dé abẹ́ ọrùn, kí o gbé e síbi tó tutù. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn á gbórí sókè. Ẹni tó mọ èyí á fi iye igi róòsì tí kò pọ̀ ṣe ìgbéyàwó tó ga ju ti ẹlòmíràn lọ.

3. Òdòdó kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀, kọ́ ọ. Róòsì fẹ́ràn òtútù, bíi ìwọ̀n 2 sí 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Gbé heliconia sínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, kíá ni yóò dúdú. Heliconia kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ là mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti gé e, torí náà jẹ́ kó là tó bí o ṣe fẹ́ kí o tó gé e. Hibiscus tó kún ọgbà gbogbo ènìyàn kì í sábà lò ju ọjọ́ kan lọ. Má fi í ṣe òde alẹ́. Má sì kó òdòdó sínú fíríìjì kan náà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tàbí máńgòrò. Èso tó ń pọ́n máa ń tú gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní ethylene, òun ló ń mú òdòdó tètè rọ, ti carnation ló sì burú jù.

4. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Púpọ̀ nínú róòsì tí à ń lò l'Ékòó, láti Kẹ́ńyà ló ti ń wá, níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín rẹpẹtẹ létí adágún Naivasha. Òmíràn ń bọ̀ láti Jos, nítorí òtútù ilẹ̀ òkè ibẹ̀. Mi ò ní kí o má rà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí dọ́là bá gbówó lórí, róòsì Kẹ́ńyà náà á tẹ̀ lé e. Wo ẹ̀yìnkùlé rẹ: pèrègún, màrìwò, ewé gbòdògì, croton alámì pupa àti yẹ́lò, òdòdó akòko elésè àlùkò. Mú ewé pèrègún kan, ká a láti ṣóńṣó wá sí ìdí, fi abẹ́rẹ́ dè é, tò ó mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú abọ́. Àlejò á béèrè ìlú tí o ti rà á.

Mo fẹ́ kí o mọ Constance Spry. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni obìnrin Gẹ̀ẹ́sì yìí tẹ́lẹ̀, ó sì ti lé ní ẹni ogójì ọdún kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù òdòdó rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1929. Ewé ẹ̀fọ́, ẹ̀ka igi etí ọ̀nà, èso inú igbó, ló ń kó mọ́ òdòdó olówó ńlá, ẹnu sì ń ya àwọn èrò tó ń kọjá. Nígbà tí wọ́n dé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ládé ní 1953, ó wà lára àwọn tí wọ́n pè láti ṣètò òdòdó. Ojú tó fi rí ẹwà lára ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń sanwó fún.

5. Má gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn sójú Instagram rẹ bíi pé tìrẹ ni, má sì fi irọ́ tajà. Bí oníbàárà bá mú àwòrán wá lórí fóònù, tí wọ́n yà nílùú olótùútù, sọ fún un tààrà èyí tó ṣeé ṣe nínú ooru wa àti èyí tí kò ṣeé ṣe. Bí o bá fẹ́ fi òdòdó ike kún un, kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ṣáájú. Bó bá fúnra rẹ̀ fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ òde, o ti di oníjìbìtì lójú rẹ̀.

6. Máa ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ọ́. Nígbà Lẹ́ńtì àti nígbà ààwẹ̀ Ramadan, ìgbéyàwó kì í pọ̀. Má fi àsìkò yẹn sùn. Ra òdòdó díẹ̀, to ohun tó wù ọ́, tú u, tún un tò. Ọwọ́ tí kì í ṣe ju ohun tí oníbàárà ní kó ṣe lọ á gbàgbé bí a ṣe ń dá nǹkan tuntun.

7. Gba owó àsansílẹ̀ kí o tó ra ohunkóhun. Òdòdó tí o ti rà kò ṣeé dá padà; bí wọ́n bá sún ìgbéyàwó síwájú, ọ̀dọ̀ rẹ ni róòsì á rọ sí. Tí o bá ń ṣírò, má ka owó òdòdó nìkan. Ka ọkọ̀ láti pápákọ̀ òfuurufú, yìnyín, epo jẹnẹrétọ̀, rìbọ́ọ̀nù, owó àwọn tó bá ọ ṣiṣẹ́, àti àwọn tí yóò bàjẹ́ kó tó di Sátidé, torí díẹ̀ á bàjẹ́ dandan. Lẹ́yìn náà, ka owó ọwọ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń fo eléyìí, wọ́n á ní àwọn ṣì ń wá orúkọ. Orúkọ tí o bá fi ọ̀pọ̀ wá, ọ̀pọ̀ ni wọn yóò máa bá ọ rà títí.

Àǹtí tó ní kí o ṣe é fún òun nítorí ẹbí, kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o sì kọ ìwé owó fún un bíi ti gbogbo ènìyàn. Bí o bá fẹ́ ta á lọ́rẹ, kọ iye ẹ̀bùn náà síbẹ̀ kó rí i. Kọ àdéhùn sílẹ̀ pẹ̀lú: ọjọ́, wákàtí, iye tábìlì, àwọ̀, àti irú òdòdó tí ẹ máa lò bí èyí tí ẹ fẹ́ kò bá sí. Má sì gbàgbé pé róòsì pupa máa ń wọ́n bí 14 Oṣù Kejì bá ń sún mọ́lé.

8. Má sọ fóòmù tí a ń gún igi òdòdó sí di ọ̀gá rẹ. Vernon Smithers ló ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1954, ó sì mú iṣẹ́ rọrùn, mi ò jiyàn. Àmọ́ ike ni, kì í jẹrà, èérún rẹ̀ sì máa ń bá omi lọ sínú gọ́tà. Láti 2021 ni wọn kò ti gbà á láyè mọ́ níbi àfihàn òdòdó Chelsea ní Lọ́ńdọ̀nù. Wáyà ilé adìyẹ tí o ká sínú abọ́ á di òdòdó mú, wàá sì fọ̀ ọ́ tún lò lọ́dún tó ń bọ̀.

9. Òdòdó ìsìnkú, ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e lọ, kí o sì tètè dé. Ìdílé ìyàwó lè dárí jì ọ́ bí o bá pẹ́ díẹ̀. Ẹni tó ń sin ìyá rẹ̀ kò ní gbàgbé pé òdòdó dé lẹ́yìn tí pósí ti wọlẹ̀. Ka orúkọ tó wà lára káàdì lẹ́ẹ̀mejì. Má ya àwòrán.

10. San owó àwọn tó bá ọ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ tó bá ọ já ẹ̀gún di aago mẹ́ta òru, ẹ̀jẹ̀ wà ní ìka rẹ̀. Má ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń gbin òdòdó létí títì, tí wọ́n gbà kí o gé ewé nígbà tí ilé ìtajà ti tì. Bí o bá jẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn lówó láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, jọ̀wọ́, san án lónìí.