Faransé láìsí ìwé, láìsí iná

Ìbéèrè: Olùkọ́ Faransé ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìrókò. Ìwé ò kárí, iná ò ṣeé gbọ́kàn lé. Kí ni kí n fi kọ́ wọn? Ṣé kí n fi Sípáníìṣì kún un?

Ìdáhùn: Ẹ ní kí àwọn ọmọ kó agolo sadíìnì àti páálí wàrà tó ti ṣófo wá láti ilé. Faransé wà lára ọ̀pọ̀ wọn, torí wọ́n ń tà wọ́n dé Kútọnu àti Lómé. Kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ Faransé fún iyọ̀, epo àti omi níbẹ̀.

Fún gbígbọ́, ẹ wa “Le Journal en français facile” ti rédíò Faransé RFI sórí fóònù yín tí ẹ bá dé Mọ́níyà. Ìròyìn ìṣẹ́jú 10 ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìṣẹ́jú méjì ti tó ọmọ JSS. Ìyókù á kàn sú wọn ni.

Ṣé ẹnì kan láti Kétu tàbí Sakété ní Benin ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò yín? Bó bá kàwé lọ́hùn-ún, Faransé ló fi kà á, ó sì tún gbọ́ Yorùbá. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá bá wọn sọ̀rọ̀.

Sípáníìṣì ṣì lè dúró ná. Benin ló múlé gbè wá, kì í ṣe Sípéènì.